Ìkànnì Tí A Fi Yorùbá Sọ: Ìtàn Iṣẹ́ Bíọ́lá Àlàbí, Láti Ojú Òkè-Ògùn

Ìtàn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn iṣẹ́ ni. Ó dá lé obìnrin kan tí ó jókòó fún ọdún díẹ̀ sórí àga tí wọ́n ti ń pinnu èdè tí yóò dé ojú amóhùnmáwòrán àti èyí tí yóò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bíọ́lá Àlàbí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ M-Net Africa nígbà tí ìkànnì Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010.

Ohun tí ó mú mi yan ìtàn yìí ni ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí lọ́dọọdún: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́, kí ni ènìyàn tún lè fi ìmọ̀ èdè Yorùbá ṣe?" Bí a bá ń wá ìdáhùn, a máa ń tọ́ka sí òṣèré, sí akọ̀ròyìn, sí akéwì àti sí ògbufọ̀. A kì í sábà rántí ẹni tí kò hàn lójú agbo, tí ó ń ṣírò owó, tí ó ń fọwọ́ sí ìwé, tí ó sì ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí èyí wọlé." Èrò tèmi ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí, tábìlì olùdarí ṣe pàtàkì fún èdè bí orí ìtàgé ti ṣe pàtàkì.

Kébù tí kò ní wáyà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Òkàkà jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibẹ̀. Òkè àti àpáta sì pọ̀ káàkiri agbègbè náà, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Bí ẹnì kan ní Òkàkà bá sọ pé òun ní "kébù" nílé, àwo sátẹ́láìtì tí ó wà lórí òrùlé rẹ̀ ni ó ń wí. Kò sí wáyà kankan tí ó ti ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wá wọ ilé rẹ̀. Láti òfuurufú ni àwòrán ti ń bọ̀. Àpẹẹrẹ rere ni èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọ̀rọ̀ àyálò kan dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ó ń tọ́ka sí yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò nílẹ̀. Ní ẹnu wa, kébù kì í ṣe wáyà mọ́. Amóhùnmáwòrán tí a ń sanwó kí a tó wò ó ni.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ti mọ wáyà tòótọ́ rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Èkó, tí wọ́n fi ń fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń so àpótí kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀. Ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń jáde láti inú àpótí náà. Nígbà tí ó di ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Rẹdifúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ nílé ní láti máa san owó rẹ̀. Àwọn bàbá wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè dá a lóhùn. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí ìbéèrè mẹ́ta tí ó bí ni yóò máa tẹ̀ lé wa dé òpin ọ̀rọ̀ yìí: ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Èdè wo ni ó fi ń sọ ọ́? Ta ni kò lè fèsì?

Láti Ìbàdàn dé òkè ọ̀dàn

Ní ọdún 1953, Gómìnà John Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Ìyà àìlèfèsì yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ṣe àjọṣe, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ètò kalẹ̀.

Nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjó bíi ti Hubert Ògúndé àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ń ti ìlú dé ìlú; àwọn mìíràn bíi Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlà sì tẹ̀ lé wọn. Amóhùnmáwòrán Ìbàdàn fún irú wọn ní pèpéle tuntun. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nítorí pé òṣèré wa mọ iṣẹ́ nìkan ni Yorùbá fi dé orí ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì tí ó sọ pé kí wọ́n wọlé.

Ní ọdún 1977, òfin kó àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA ti ìjọba àpapọ̀. Láti ìgbà náà ni ètò tí a ń gbé jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà ti jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ètò abínibí sì wá di ohun tí a ń wá àyè fún láàárín rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tún ní tiwọn padà, ìṣòro mìíràn ṣì wà fún àwọn ará Òkè-Ògùn. Ìgbì amóhùnmáwòrán tí ń ti orí òpó ilẹ̀ jáde, ọ̀nà tààrà ni ó ń rìn. Bí ọ̀nà bá jìn, agbára rẹ̀ a dín kù; bí òkè bá dínà, kò ní lè gba ara òkè kọjá. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ọ̀hún mọ bí a ṣe ń fi ọparun gbé ẹ́ríà sókè, tí ẹnì kan yóò máa yí i níta, tí ẹnì kejì yóò máa kígbe láti inú yàrá pé, "Ó ti dáa! Rárá, ó tún ti lọ!" Sátẹ́láìtì ni ó mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Láti òkè ni ó ti ń wò wá, nítorí náà Òkàkà àti Ìkòyí kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ohun tí ó kù tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni owó.

Ọjà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Àlàbí, ó yẹ kí a mọ irú ọjà tí ó bá nílẹ̀. Ní ọdún 1982, Bàbá Sàlà gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn tí ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ jí i, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì bá ọkùnrin náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré alárìnjó ti ń sá kúrò nídìí sinimá tí owó rẹ̀ wúwo, tí wọ́n ń bọ́ sínú fídíò kásẹ́ẹ̀tì. Tunde Kelani àti ilé-iṣẹ́ Mainframe gbé Tí Olúwa Nilẹ̀ jáde ní ọdún 1993, wọ́n sì gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999. Iṣẹ́ wà, òṣèré wà, òǹwòran sì wà. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran tí ẹni tí ó ṣe é yóò fi rí owó tirẹ̀ gbà.

Ìjọba ológun ṣe Òfin 38 ní ọdún 1992, òfin yìí ni ó dá àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀, tí ó sì fún àwọn aládàáni ní àyè láti ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán. Ní ọdún 1993, MultiChoice ti Gúúsù Áfíríkà wọ Nàìjíríà. Ní 2003 ni wọ́n dá ìkànnì Africa Magic sílẹ̀ fún fíìmù ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ibẹ̀ kan jù. Ọmọ Yorùbá tí ó ń sanwó lóṣooṣù ń sanwó láti gbọ́ èdè ẹlòmíràn nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹni tí ó jókòó sórí àga

Ọ̀nà tí Bíọ́lá Àlàbí gbà dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gba inú ẹgbẹ́ òṣèré kọjá. Ní Amẹ́ríkà ni ó ti lọ sí yunifásítì, ní Cincinnati, ibẹ̀ náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Daewoo, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wà ní Sesame Workshop, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ètò àwọn ọmọdé tí a mọ̀ sí Sesame Street láti ọdún 1969. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró díẹ̀ níbi orúkọ yìí. Sesame Workshop kì í kàn ṣe ètò fún ìgbádùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń bá àwọn òǹkọ̀wé jókòó, tí wọn yóò wo ohun tí ọmọdé ń kọ́ àti èdè tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí ètò náà dé Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2000 ní orúkọ Takalani Sesame, èdè púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé èdè ilé ni ilẹ̀kùn tí ó yá jù láti gbà wọ ọkàn ènìyàn.

Láti ibẹ̀ ni ó ti padà wá sí Áfíríkà, tí ó sì di olùdarí àgbà M-Net Africa, ẹ̀ka tí ń bójú tó àwọn ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn òde Gúúsù Áfíríkà. Lábẹ́ àkóso rẹ̀ ni Africa Magic fi pín sí ẹ̀ka. Ní ọdún 2010, Africa Magic Yoruba àti Africa Magic Hausa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àjọ World Economic Forum yàn án mọ́ àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ àgbáyé ní 2012. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n fún àwọn òṣèré àti olùgbéjáde ní ẹ̀bùn Africa Magic fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó, ẹ̀bùn tí a mọ̀ sí AMVCA. Ní 2014 ni ó fi ipò náà sílẹ̀. Ìkànnì ti Igbo kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2015, lẹ́yìn tí ó ti lọ.

N kò ní sọ fún yín pé ìfẹ́ èdè nìkan ni ó ṣe gbogbo èyí. Lẹ́yìn tí ó kúrò, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Biola Alabi Media, ó sì kópa nínú gbígbé fíìmù jáde: Banana Island Ghost ní 2017, Lara and the Beat ní 2018. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba iwájú nínú méjèèjì. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi o. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé lójú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, èdè jẹ́ ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ òǹwòran. Ibi tí òǹwòran bá wà ni olùdarí ń kọrí sí. Ní 2010, ìṣirò fi hàn pé àwọn tí yóò sanwó láti wo Yorùbá pọ̀ tó láti gbé ìkànnì kan ró. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Yorùbá nílé, tí ẹ ń ra kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò Yorùbá lọ́jà, ẹ̀yin ni ẹ wà nínú ìṣirò náà kí ẹ tó mọ̀.

Ohun tí ìkànnì fún wa, ohun tí kò fún wa

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fún wa ni àyè tí kì í ṣe ti àánú. Lórí ilé-iṣẹ́ ìjọba, Yorùbá máa ń gba wákàtí kan níhìn-ín, ìdajì wákàtí lọ́hùn-ún. Lórí ìkànnì tirẹ̀, òun ni onílé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná tàbí sí Port Harcourt lè tan ẹ̀rọ, kí ó gbọ́ bí a ṣe ń kí ọba, bí ìyàwó ṣe ń ké sí àna, bí àgbà ṣe ń fi òwe pẹ̀tù sí ìjà.

Ohun kejì ni owó ìyọ̀ǹda. Olùgbéjáde tí fíìmù rẹ̀ ti di ti àwọn aládàáàkọ lè tún rí nǹkan gbà láti ọwọ́ ìkànnì. Àwọn kan kùn pé owó náà kéré jù, àwọn mìíràn sì ní bí fíìmù bá ti dé orí ìkànnì, ọjà rẹ̀ níta bàjẹ́ nìyẹn. Kíkùn náà ní ìdí, nítorí ọwọ́ ẹni tí ó ni àga ni iye owó wà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kan ẹ̀ka iṣẹ́ tèmi. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù Yorùbá kò tíì rí ìtọ́jú tí ó yẹ ẹ́. "Ẹ" àpọ́nlé àti "o" ti ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá wá dédé yí "ẹ" padà sí "o" nígbà tí ó ń bá bàbá rẹ̀ jà, ìjà náà ti dé góńgó létí wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka ìtumọ̀ kò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè, kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè gbé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ńkọ́? Ní Òkàkà, ní Òtù, ní Òkèhò àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, Oǹkò ni ẹ̀ka-èdè tí àwọn ènìyàn bá nílẹ̀. Yorùbá tí ìkànnì ń sọ, Yorùbá àjùmọ̀lò ni, pẹ̀lú adùn Ìbàdàn àti Èkó lára rẹ̀. Ọmọ Òkàkà tí ó ń wò ó ń gbọ́ Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ìyá-ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì tún ṣe padà dé, tí ó ń fi èdè wa bá wa sọ̀rọ̀, tí àwa kan nínú wa kò sì lè fi ohùn tiwa dá a lóhùn.

Ìgbójáyè kò jìnnà

Ìtàn náà tún yí padà sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love, kọ́ abúlé fíìmù kan sí Ìgbójáyè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú kan náà tí Òkàkà wà. Ibẹ̀ ni ó ti ya Aníkúlápó, fíìmù tí ó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tí ìtàn rẹ̀ dá lé ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Aníkúlápó gba ẹ̀bùn fíìmù tí ó dára jù lọ ní AMVCA.

Ẹ jẹ́ kí a so okùn náà pọ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí Àlàbí wà lórí àga ni ó bọ́ sọ́wọ́ fíìmù Yorùbá tí wọ́n yà lórí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Wọn kò yà á sọ́tọ̀ sí igun fíìmù abínibí nìkan. Òun ni ó borí gbogbo wọn. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì lè má mọ orúkọ Ìgbójáyè nígbà náà. Àṣẹ tí ó bá bọ́ sí àsìkò a máa rìn kọjá ibi tí ojú aláṣẹ tó.

Kí ni kí a ṣe?

Ṣùgbọ́n ohun tí àṣẹ fi lélẹ̀, àṣẹ lè gbé e kúrò. HiTV, tí agbẹjọ́rò Toyin Subair dá sílẹ̀, gbéra ní 2007, ó sì fi bọ́ọ̀lù Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀pọ̀ òǹwòran. Lẹ́yìn 2010, bọ́ọ̀lù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé parí rírà MultiChoice. Ìyẹn ni pé tábìlì tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ìkànnì Yorùbá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó jìnnà sí Òkàkà. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ kò jẹ èdè wa ní gbèsè. Ìṣirò ni ó ń wò.

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún bi mí léèrè ohun tí a lè fi Yorùbá ṣe, èsì mi nìyí: ẹ kọ́ èdè náà dáadáa, kí ẹ sì kọ́ ìṣirò mọ́ ọn. Ẹ kọ́ òfin àdéhùn. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka iye òǹwòran. Ẹ kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ óò gbà fún un. Ẹni tí ó gbọ́ Oǹkò, kí ó fi Oǹkò kọ eré, kí ó gbé e lọ síwájú àwọn tí ń ra fíìmù, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún un lójú pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Bíọ́lá Àlàbí kò kọ ewì kan fún èdè Yorùbá tí mo mọ̀. Síbẹ̀, ìkànnì tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tirẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé gbọ́ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ewì ti lè ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju báyìí lọ. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí èdè wa pa rẹ́ mọ́ wa lẹ́nu, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní àga níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ire o.